Wọ́n ń pè mí ní "ìyá kótà": ṣé kí n gba àga náà?

Ìbéèrè: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Oníṣirò owó ni mí ní ilé-iṣẹ́ kan ní Kétu, SA ni (ilé-iṣẹ́ onípìn-ín), a ń ṣe gàrí, a sì ń fún epo sóyà. Ọkùnrin mẹ́sàn-án ló wà nínú kọ́ńsẹ́ì wa, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń ṣe àbójútó ilé-iṣẹ́, kò sí obìnrin. Àwọn tó fẹ́ yá ilé-iṣẹ́ lówó ní àwọn ò ní tọwọ́ bọ̀wé àfi tí obìnrin bá tó ìdámẹ́ta kọ́ńsẹ́ì. Ni ọ̀gá wa bá ní èmi ni òun máa fi síbẹ̀ ná. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n mo ti ń gbọ́ ọ ní kọ́ríńdọ̀ tí wọ́n ń pè mí ní "ìyá kótà", ìyẹn obìnrin tí wọ́n kàn fi kún iye. Alága kọ́ńsẹ́ì náà, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni. Ṣé òfin ní kí wọ́n fi obìnrin síbẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀? Ṣé ó ti ṣiṣẹ́ níbòmíràn? Ṣé kí n gbà?

Ìdáhùn: Gbà á, ọmọ mi, ṣùgbọ́n má gbà á bí wọ́n ṣe gbé e wá yẹn.

Oníṣirò ni ọ́, jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ látorí ìṣirò. Ọkùnrin mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀ báyìí. Òfin OHADA, òfin òwò tí àwa àti àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn jọ ń lò, tó de SA, ní ọmọ kọ́ńsẹ́ì kò gbọ́dọ̀ dín ní 3, kò sì gbọ́dọ̀ ju 12 lọ fún ilé-iṣẹ́ bíi tiyín. Bí wọ́n bá fi obìnrin mẹ́ta kún ọkùnrin mẹ́sàn-án, ó di 12, ibẹ̀ ti kún. Obìnrin mẹ́ta nínú 12, ìdámẹ́rin nìyẹn, kò tíì di ìdámẹ́ta. Kó tó lè di ìdámẹ́ta, ó kéré tán ọkùnrin kan gbọ́dọ̀ dìde, kó di ọkùnrin mẹ́jọ àti obìnrin mẹ́rin. Bí wọ́n bá sì fẹ́ kí àga dúró sórí 9 bó ṣe wà, ọkùnrin mẹ́ta ni yóò dìde.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ ní kọ́ríńdọ̀ nìyẹn, bí wọn ò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Wíwọlé tìrẹ kọ́ ló ń dùn wọ́n. Ta ni yóò jáde? Kálukú ti ń ka orúkọ ara rẹ̀ nínú. "Ìyá kótà" tí wọ́n ń pè ọ́ yẹn, ìbẹ̀rù ló wà nídìí rẹ̀. Ọ̀gá yín tó sì ní òun máa fi ọ́ síbẹ̀ "ná", òun náà mọ ìṣirò yìí. Ẹnì kan nínú mẹ́wàá, ìdámẹ́wàá ni. Ó fẹ́ fi ọ́ sún ọjọ́ síwájú, kí àwọn tó ń yáni lówó lè rí orúkọ obìnrin lórí ìwé, kí ẹnikẹ́ni má sì dìde.

Mo mọ bó ṣe máa ń lọ. Ọdún méjìlélógún ni mo fi kọ PV, ìyẹn àkọsílẹ̀ ìpàdé, fún oríṣiríṣi kọ́ńsẹ́ì ní Àjàṣẹ́ níbí àti ní Kútọnu, kí n tó fẹ̀yìn tì. Akọ̀wé kì í dìbò, kì í sì í sábà sọ̀rọ̀, etí àti ọwọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan wà tí obìnrin kan ṣoṣo wà nínú kọ́ńsẹ́ì rẹ̀, ìyàwó ẹni tó dá a sílẹ̀ ni. Ní gbogbo ọdún mẹ́rin tí mo fi bá wọn ṣiṣẹ́, mi ò rí ìyá náà nípàdé lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ rẹ̀ ló ń gbé ìwé lọ sílé kó lè tọwọ́ bọ̀ ọ́. Síbẹ̀, nínú PV, orúkọ rẹ̀ wà láàárín àwọn tó "wà níjòókòó". Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ojú ń tì mí títí dòní.

Ẹ̀yin ará Kétu lẹ ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́, nítorí náà ó yẹ kí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí yé ọ kíá. Ojú obìnrin ló wà lórí, gèlè wà, ọmú gbígbẹ́ wà láyà, ìdí ńlá wà lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń jó lábẹ́ rẹ̀, ọkùnrin ni. Ní ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ẹ̀yẹ ni, àwọn ìyá wa ni a fi ń bẹ̀, Ìyálàṣẹ sì wà ní ìdí rẹ̀ tó jẹ́ pé ohun tó bá sọ ni abẹ gé. Èyí tí mo tẹ̀ sínú PV yẹn, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí kò ní Ìyálàṣẹ ni.

Ó ku ìbéèrè rẹ nípa òfin. Orílẹ̀-èdè 17 ló jọ ń lo òfin OHADA, èyí tí a sì ń lò fún ilé-iṣẹ́ báyìí, 2014 ni wọ́n tún un ṣe. Kò sọ iye ọmọ kọ́ńsẹ́ì tó gbọ́dọ̀ jẹ́ obìnrin. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé ìjọba ló fipá mú wọn, kò sọ òótọ́. Ẹni tó ń yá yín lówó ló ní bẹ́ẹ̀, àdéhùn owó ni. Ibi tí òfin wa ti ya àga sọ́tọ̀ fún obìnrin ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó wà níbí ní Àjàṣẹ́. Ní 2019 ni wọ́n tún Òfin Àpilẹ̀kọ àti òfin ìdìbò ṣe: nínú àga 109, 24 jẹ́ ti obìnrin, ẹyọ kan fún ẹkùn ìdìbò kọ̀ọ̀kan, ìdìbò oṣù kìíní 2023 ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi lò ó. Kíyè sí i pé iye àga pọ̀ sí i nígbà yẹn, 83 ló wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n fẹ yàrá kí wọ́n tó pe àlejò. Kọ́ńsẹ́ì tiyín kò ní àyè bẹ́ẹ̀, 12 ni òpin rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí tiyín fi le ju tiwọn lọ.

Níbòmíràn, Nọ́wè ló kọ́kọ́ fi òfin ṣe é fún ilé-iṣẹ́, ìtàn rẹ̀ sì dùn ún gbọ́. Ní 2002, obìnrin kò ju bí ìdá 6 nínú 100 lọ nínú kọ́ńsẹ́ì àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá wọn. Mínísítà òwò wọn nígbà náà, Ansgar Gabrielsen, ọkùnrin ni, ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú tí àwọn oníṣòwò fẹ́ràn sì ni. Òun ló lọ sọ fún oníwèé ìròyìn pé ìdá 40 ni òun ń fẹ́, ẹnu sì ya àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ìjọba. Wọ́n ṣòfin náà ní 2003. Wọ́n kọ́kọ́ ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ fúnra wọn ṣe é wọ́ọ́rọ́wọ́, títí di àárín 2005. Wọn ò ṣe é tó. Ó wá di dandan láti 2006, wọ́n fún wọn ní ọdún méjì, ilé-iṣẹ́ tó bá kọ̀, ilé-ẹjọ́ lè tú u ká. Kì í ṣe owó ìtanràn o, kí wọ́n tú ilé-iṣẹ́ ká pátápátá ni. Nígbà tí 2008 máa fi dé, ìdá 40 ti pé.

Ohun kan wà nínú òfin yẹn tí mo fẹ́ kí o mú dání, nítorí yóò wúlò fún ọ níwájú alága yín. Kò dárúkọ obìnrin pé òun nìkan ni yóò gbà. Akọ ni o, abo ni o, òfin náà ní kò gbọ́dọ̀ dín ní iye báyìí: bí kọ́ńsẹ́ì bá jẹ́ ẹni mẹ́sàn-án, ọkùnrin kò gbọ́dọ̀ dín ní mẹ́rin, obìnrin kò gbọ́dọ̀ dín ní mẹ́rin. Bó bá di lọ́la tí obìnrin kún ibẹ̀, ọkùnrin náà yóò rí tirẹ̀ gbà.

Mi ò ní purọ́ fún ọ pé oyin ni gbogbo rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan níbẹ̀ yí irú ìforúkọsílẹ̀ wọn padà kí òfin má bàa kàn wọ́n. Àwọn obìnrin díẹ̀ sì wà tí wọ́n ń ti kọ́ńsẹ́ì kan bọ́ sí òmíràn, tí àwọn ará ibẹ̀ wá ń pè wọ́n ní yẹ̀rì wúrà. (Ní tiwa, OHADA ti dí ihò yẹn díẹ̀: ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ wà nínú kọ́ńsẹ́ì SA tó ju márùn-ún lọ ní orílẹ̀-èdè kan.) Ní 2012, olùwádìí méjì, Ahern àti Dittmar, kọ ọ́ pé iye àwọn ilé-iṣẹ́ náà já wálẹ̀ nítorí òfin yìí. Àwọn mìíràn tún ìṣirò náà ṣe, wọn ò rí i bẹ́ẹ̀. Oníṣirò méjì lórí ìwé kan náà, ìwọ náà kúkú mọ bó ṣe máa ń rí.

Èyí tó ká mi lára ni ohun tí Marianne Bertrand àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2019. Wọ́n ní àwọn obìnrin tó wọ kọ́ńsẹ́ì lẹ́yìn òfin náà kàwé, wọ́n sì nírìírí ju àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ ṣáájú lọ. Ibi tí "ìyá kótà" ti di ọ̀rọ̀ asán nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ní àwọn obìnrin tó wà nísàlẹ̀ nínú ilé-iṣẹ́ kan náà, àwọn tó ń gbowó oṣù bíi tìrẹ, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tó yí padà fún wọn. Òjò rọ̀ sórí òrùlé, kò kán sí ìkòkò.

Ilẹ̀ Faransé náà rí ìyẹn. Òfin tí wọ́n ń pè ní Copé-Zimmermann jáde ní oṣù kìíní 2011: ìdá 20 kó tó di 2014, ìdá 40 kó tó di 2017. Bí wọ́n bá yan ẹni tí kò yẹ kí wọ́n yàn lábẹ́ òfin náà, yíyàn rẹ̀ kò dúró, wọ́n sì lè dá owó ìjókòó gbogbo wọn dúró. Ìyẹn yára wọ̀ wọ́n létí. Síbẹ̀, nígbà tí Isabelle Kocher di ọ̀gá Engie ní 2016, òun nìkan ni obìnrin tó ń darí ilé-iṣẹ́ nínú 40 tó tóbi jù ní ọjà ìpín Paris. Kọ́ńsẹ́ì kún fún obìnrin, ọ́fíìsì ọ̀gá kò kún. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tún ṣe òfin mìíràn, ti Rixain, ní oṣù kejìlá 2021, tó kan àwọn ọ̀gá tó ń ṣiṣẹ́ gan-an ní ilé-iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 1,000 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìdá 30 ní 2026, ìdá 40 ní 2029. Àwọn ará wa ní Nàìjíríà, báńkì àpapọ̀ wọn àti àwọn ọ̀gá báńkì ti ní àdéhùn irú rẹ̀ láti 2012, ìdá 30 fún kọ́ńsẹ́ì báńkì.

Wọ́n á sọ fún ọ pé ẹni tó tó gbangba sùn lọ́yẹ́ ló yẹ kó wà ní kọ́ńsẹ́ì, kì í ṣe ẹni tí wọ́n fi kún iye. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún méjìlélógún yẹn, mi ò rí ọkùnrin kan tó ṣe ìdánwò wọlé. Àna ẹnì kan ni, ọmọ kíláàsì ẹnì kan ni, ẹni tí bàbá rẹ̀ nílẹ̀ tí wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ sí ni. Mo mọ ọ̀kan tó máa ń sùn láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ìgbà tí wọ́n bá gbé ohun jíjẹ wọlé, kò sì sí ẹni tó pè é ní bàbá kótà. Ẹgbẹ́ Social Democrats ní Swídìn, ní 1993, pinnu pé lórí ìwé orúkọ àwọn olùdíje wọn, bí ọkùnrin bá wà, obìnrin ni yóò tẹ̀ lé e. Nígbà tí àwọn olùwádìí padà lọ wo ohun tó ṣẹlẹ̀, àwọn ọkùnrin tó kù nínú ẹgbẹ́ náà dára sí i. Àwọn tí kò mọṣẹ́ tó ni wọ́n dìde. Ti òṣèlú ni o, kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ọ̀gá yín gbọ́ ọ. Ìbéèrè tó yẹ kó bi ara rẹ̀ ni èwo nínú àwọn mẹ́sàn-án tirẹ̀ ló ń sùn.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ iye. Má ṣe gbà kí ìwọ nìkan wọlé. Rosabeth Moss Kanter ní Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ láti 1977 pé ẹni tó bá dá yàtọ̀ láàárín ọ̀pọ̀, wọn kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ènìyàn kan. Bó bá ṣe àṣìṣe, wọ́n á ní "bí obìnrin ṣe rí nìyẹn". Àwa Yorùbá kò tiẹ̀ nílò kí wọ́n ti Amẹ́ríkà wá sọ ọ́ fún wa. Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà ní Ìbàdàn lówó, ó ní ẹrú àti oko, ó ń bá wọn kó nǹkan ogun jọ. Àga kan ṣoṣo ló ní láàárín àwọn olóyè ogun. Nígbà tí Ààrẹ Látòósà dojú kọ ọ́ ní 1874, kò sí obìnrin mìíràn ní ìjókòó náà tí yóò ní "ẹ dúró ná".

Ti OHADA tún wà, ibí yìí ni mo fẹ́ kí o tẹ́tí sí jù lọ, nítorí mi ò rò pé àwọn tó ń yá yín lówó fúnra wọn mọ̀ ọ́n. Alága ló ń pe ìpàdé kọ́ńsẹ́ì. Ṣùgbọ́n bí oṣù méjì bá kọjá láìsí ìpàdé, àwọn ọmọ kọ́ńsẹ́ì tó bá tó ìdámẹ́ta lè pè é fúnra wọn, wọ́n kàn ní láti sọ ohun tí wọ́n fẹ́ jíròrò. Ìdámẹ́ta! Mẹ́ta nínú mẹ́sàn-án, mẹ́rin nínú 12. Ìwọ nìkan lè kọ lẹ́tà kó dọjọ́ alẹ́, kò ní pe ìpàdé. Ẹ̀yin mẹ́ta lè pè é lọ́jọ́ Ajé. Ìdámẹ́ta tó wà nínú àdéhùn owó yẹn ní agbára nínú òfin, ẹnì kan nínú mẹ́wàá kò ní.

Ohun kejì tó ń kọ mí lóminú ni iṣẹ́ rẹ. Iṣẹ́ kọ́ńsẹ́ì ni kí ó máa ṣọ́ ọ̀gá. Ọ̀gá yìí kan náà ló ń fọwọ́ sí owó oṣù rẹ. Òfin kò kọ̀ ọ́: òṣìṣẹ́ lè wà ní kọ́ńsẹ́ì, bí iṣẹ́ tó ń ṣe bá jẹ́ iṣẹ́ gidi, tìrẹ sì jẹ́ gidi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé ọdún bá délẹ̀, tí nǹkan kan nínú rẹ̀ kò bá tọ́, ìwọ tó ṣe ìwé náà ni wọ́n tún ní kó wá yẹ̀ ẹ́ wò. Mo rò pé ìdí tí ó fi dárúkọ rẹ kíákíá nìyẹn. Nítorí náà, àwọn obìnrin yòókù kò gbọ́dọ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́, wọn kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ìyàwó ẹnikẹ́ni tó wà níbẹ̀. Dábàá orúkọ fúnra rẹ kí wọ́n tó dábàá tiwọn. Ìyá tó ń kó ẹ̀gẹ́ fún àwọn ilé gàrí láti oko, tó mọ iye tí àpò kan ń lọ ní ọjà Kétu kí òjò tó dé àti lẹ́yìn òjò, tó ti fi ọdún mẹ́wàá kó àjọ àwọn ọlọ́jà láìsí pé kọ́bọ̀ sọnù, ṣé ìyẹn kò mọ ìṣòwò ju ẹni tó ń sùn lọ? Bí kò bá gbọ́ Faransé dáadáa, kí wọ́n máa túmọ̀ fún un. Mo ti rí kọ́ńsẹ́ì tó ń túmọ̀ fún òyìnbó.

Ohun tí àwọn tó ń lo obìnrin bí ère kì í sọ fún wọn ni pé ọmọ kọ́ńsẹ́ì ń jẹ̀bi. Bí wọ́n bá rú òfin, tàbí wọ́n ṣe nǹkan tó lòdì sí statuts, ìyẹn ìwé ìlànà ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀, tàbí wọ́n darí ilé-iṣẹ́ lọ́nà tó fi bàjẹ́, wọ́n lè pe ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn lẹ́jọ́, kí ó san án lápò ara rẹ̀. "Wọ́n kàn fi mí kún iye ni" kì í ṣe àwíjàre nílé-ẹjọ́. Ìyàwó olùdásílẹ̀ tí mo sọ yẹn, mi ò rò pé ẹnikẹ́ni sọ fún un rí. Nítorí náà, gba statuts, kà á. Gba PV ọdún mẹ́ta sẹ́yìn àti ìwé ìṣirò tí ayẹ̀wéwò ti fọwọ́ sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o mọ inú rẹ̀. Ní kí wọ́n máa fi ìwé ìpàdé ránṣẹ́ kí ọjọ́ tó pé, kò gbọdọ̀ jẹ́ orí tábìlì lo ti máa kọ́kọ́ rí i. Ẹ̀tọ́ ọmọ kọ́ńsẹ́ì ni láti rí ìwé tó nílò fún iṣẹ́ rẹ̀. Béèrè owó ìjókòó tí àwọn ọkùnrin ń gbà, kí tìrẹ má dín rárá. Má sì jẹ́ kó jẹ́ pé ọ̀gá ló "fi ọ́ síbẹ̀". Ìpàdé gbogbo onípìn-ín ni kó yàn ọ́, kí orúkọ ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tàbí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde lọ́jọ́ kan náà, nínú PV kan náà. Bí wọ́n bá ní ìwọ lónìí, àwọn yòókù lọ́dún tó ń bọ̀, sọ fún wọn pé wàá dúró de àwọn yòókù.

Ó ku ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ. O ò béèrè é ní tààrà, ṣùgbọ́n mo rí i pé òun ló wúwo jù nínú lẹ́tà rẹ. Kúnlẹ̀ kí i bí o ṣe máa ń kí i. Lọ bá a nílé kí ìpàdé tó dé, ìwọ àti ọkọ rẹ, kí o fi ìṣirò mẹ́jọ sí mẹ́rin yẹn hàn án, kí ó má bàa jẹ́ níwájú àwọn yòókù ni yóò ti kọ́kọ́ rí i. Àgbàlagbà kì í fẹ́ kí wọ́n já a láṣọ ní gbangba. Tí o bá ti dé inú yàrá, alága ni, ìwọ sì jẹ́ ọmọ kọ́ńsẹ́ì; bí ó bá ní kí ẹ dìbò tí ọkàn rẹ kò sì gbà á, sọ pé "Ẹ̀gbọ́n, mi ò fara mọ́ ọn," kí o sì ní kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú orúkọ rẹ. Tí wọ́n bá gbé PV wá, kà á títí dé ìlà ìkẹyìn kí o tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí ohun tí o sọ kò bá sí níbẹ̀, dá a padà fún akọ̀wé. Yóò bínú díẹ̀. Wọ́n dá a padà fún èmi náà lẹ́ẹ̀mejì, mo sì tún un tẹ̀.